Ohùn Mẹ́fà ní Ìṣẹ́jú Kan

Òjò ti pa ọkùnrin náà dé egungun, ṣùgbọ́n àpótí tó gbé dání kò tutù. Ó ti bọ́ ẹ̀wù òjò rẹ̀, ó fi wé àpótí náà bí ẹni wé ọmọ tuntun, ó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ tíì Seelagama ní ìlú Kandi. Omi ń kán ní imú rẹ̀. Omi ń kán ní etí rẹ̀. Bàtà rẹ̀ ń dún pọ̀kọ̀pọ̀kọ̀ lórí símẹ́ńtì.

Sewwandi Dehigama ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn nígbà tó rí i. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti jáde.

"Ẹ jọ̀ọ́, Míìsì," ni ọkùnrin náà wí, "ta ni kí n gbé èyí fún kí òtútù tó pa mí?"

"Ta ni wọ́n ń retí, ẹ̀yin ni àbí àpótí?"

"Àpótí ni. Èmi kàn sìn ín wá ni."

Ó fún un ní aṣọ ìnura. Ọkùnrin náà gbà á, ó kọ́kọ́ nu àpótí. Ìgbà tó nu àpótí tán ló tó nu ojú ara rẹ̀. Sewwandi rí i. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ń wò ó.

Kirubakaran ni orúkọ ọkùnrin náà. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ń pè é ní Kiruba. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni. Ilé-iṣẹ́ kan ní Kòlómbò ló rán an wá. Ohun tó wà nínú àpótí náà ni ráútà, irin pẹlẹbẹ kan tó ń tọ́ ọ̀rọ̀ àti ìwé sọ́nà láti ọ́fíìsì kan dé òmíràn.

Ọ̀rọ̀ tó gbé e wá kò ṣòro láti yé ni. Seelagama ní ilé ìṣetíì mẹ́fà lórí òkè. Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, tẹlifóònù ní ẹ̀rọ tirẹ̀, kọ̀ǹpútà ní ẹ̀rọ tirẹ̀, ẹ̀rọ kẹta sì ń ṣọ́nà kí olè má bàa gba inú wáyà wọlé. Bí àrá bá sán, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á bàjẹ́. Atúnnǹkanṣe mẹ́ta á gòkè lọ, oníkálukú á ní ẹ̀rọ ẹnì kejì òun ló fà á. Ó ti sú Màdáámù Ellepola tó ni ilé-iṣẹ́ náà.

"Wá àpótí kan fún mi," ló sọ fún Sewwandi, ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà wọn. "Kó gbé ohùn, kó gbé ìwé, kó sì ṣọ́nà. Ẹyọ kan ṣoṣo. O ní títí òpin oṣù kẹrin. Ìwọ lo máa fọwọ́ sí i."

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Sewwandi. Wọn kò tíì fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lé e lọ́wọ́ rí. Bó bá yàn án dáadáa, kò sẹ́ni tó máa rántí. Bó bá ṣì í yàn, òkè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á yadi lọ́jọ́ kan, orúkọ rẹ̀ ni wọn yóò sì fi máa pe ọjọ́ náà.

Ẹnì kan tún wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́bàá àtẹ̀gùn ni bàbá rẹ̀, Piyasena Dehigama, ti ń jókòó láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, níwájú pátákó tẹlifóònù tó kún fún iná kéékèèké. Ẹni tó bá pè láti òkè, ọwọ́ rẹ̀ ló ń gbà kọjá. Ikọ́ ni Dehigama fi ń mọ̀ wọ́n kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Àpótí tuntun náà kò nílò ẹni tí yóò máa jókòó tì í. Ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ní kó yan ohun tí yóò lé e lọ sílé. Bàbá kò sọ ọ́, ọmọ kò sọ ọ́. Láti ìgbà tí ìyá Sewwandi ti kú, àwọn méjèèjì nìkan ló ń jẹun nílé, ọ̀rọ̀ ìrẹsì ni wọ́n sì ń sọ.

Olùtajà méjì ti gbé àpótí tiwọn wá kí Kiruba tó dé. Wọ́n ti dán an wò, wọ́n ti kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Ó wá kan ti Kiruba.

Wọ́n gbé ẹ̀rọ kan sí Kandi. Wọ́n gbé èkejì lọ sí Kirkbrae, ilé ìṣetíì tó ga jù, níbi tí ọ̀nà wáyà ti tín-ín-rín jù. Kiruba gòkè lọ jókòó tì í. Bí wọ́n ṣe ń dán ohùn wò ni pé kí ẹnì kan máa sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan gbáko, kí ìwé ńláńlá máa gba inú wáyà kan náà kọjá, kí ẹnì kejì máa sàmì síbi tí ohùn bá ti já. Àwọn olùtajà ìṣáájú lo ohùn tí wọ́n ti gbà sínú ẹ̀rọ. Kiruba kọ̀.

"Ohùn inú ẹ̀rọ kì í wúkọ́," ló wí. "Kì í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ló sì kọ́kọ́ ń já bí ọ̀nà kò bá dáa. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀, Míìsì."

Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ní aago mẹ́wàá àárọ̀ lójoojúmọ́.

Ní ọjọ́ kìíní, Kiruba ń ka àpò tíì tó wà níwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ ka nǹkan mìíràn," ni Sewwandi wí. "Oorun ti ń kùn mí."

"Kí ni kí n kà?"

"Kí lẹ jẹ láàárọ̀?"

"Búrẹ́dì rótì. Àgbọn lílọ̀ àti ata."

"Ta ló ṣe é?"

"Ìyá mi. Òkè tó kángun sí ibí ló ti ń já tíì. Ọdún kejìdínlógójì rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ náà rèé. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ń sùn. Ó ní mo ti rù."

"Ṣé ẹ ti rù lóòótọ́?"

"Míìsì, ohùn lẹ ń dán wò, kì í ṣe ara."

Ní ọjọ́ kẹta, ó sọ bí òun ṣe kọ́ èdè Sinhala lẹ́nu rédíò aládùúgbò, nítorí pé èdè Támìlì nìkan ni wọ́n ń sọ nílé wọn. Sewwandi sọ bí òun ṣe máa ń ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé lábẹ́ pátákó bàbá òun, tí òun ń ka iná tó ń tàn dípò kí òun máa ka ìṣirò.

Ní ọjọ́ kẹfà, Kiruba ní, "Ẹ rẹ́rìn-ín kí n gbọ́."

"Èèyàn kì í ṣàdédé rẹ́rìn-ín."

"Ẹ rántí bàtà mi lọ́jọ́ òjò."

Sewwandi rẹ́rìn-ín. Nígbà tó dákẹ́, kò gbọ́ nǹkan kan.

"Ṣé ó já ni?"

"Rárá. Kò já."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ dákẹ́?"

"Mò ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni."

Kò kọ nǹkan kan sílẹ̀.

Nísàlẹ̀, iná Kirkbrae ń tàn lójú pátákó fún wákàtí kan lójoojúmọ́. Dehigama kì í fetí kọ́ ọ̀rọ̀ olọ́rọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ni pé bí iná bá pẹ́ jù, kó gbé etígbọ̀ọ́ sétí kó mọ̀ bóyá ọ̀nà ṣì dáa. Ó ń gbé e, ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ méjì, ó ń gbé e kalẹ̀.

"Ọkùnrin orí òkè yẹn," ló wí nídìí oúnjẹ alẹ́, "ohùn rẹ̀ mọ́. Kì í yára, kì í fà. Ará abúlé wo ni?"

Sewwandi po ẹ̀wà rẹ̀ mọ́ ìrẹsì. "Ọmọ àwọn tó ń já tíì ni, Bàbá. Támìlì ni."

Dehigama dá ọwọ́ dúró. Sinhala ni àwọn, wọn kì í sì í sábà fẹ́ Támìlì. "Ó gbọ́ Sinhala jù mí lọ," ló wí. Kò jẹ ìrẹsì náà tán.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Sewwandi wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Kirkbrae láti fojú rí ẹ̀rọ náà. Ó rí i ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìyókù ọ̀sán náà, ilé Pechchiamma, ìyá Kiruba, ló jókòó sí, nínú yàrá kan ṣoṣo tí wọ́n fi pákó pín sí méjì. Ìyá náà gbé tíì alátalẹ̀ fún un. Ó gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, ó yí i sókè yí i sódò, ó sì sọ nǹkan ní Támìlì.

"Kí ni Màmá wí?"

"Wọ́n ní ọwọ́ yín kò já ewé rí."

"Ẹ sọ fún wọn pé mo lè kọ́ ọ."

Kiruba sọ ọ́. Ìyá rẹ̀ dáhùn láì yí ojú padà.

"Wọ́n ní ta ló bẹ̀ yín níṣẹ́?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Pechchiamma pẹ́ jù lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ láàárín igi tíì, kùrukùru ti bo òkè débi pé wọn kò rí ju ẹsẹ̀ ara wọn lọ.

"Míìsì," ni Kiruba wí.

"Mo ní orúkọ."

"Sewwandi."

"Ohùn yín já níbẹ̀."

"Kì í ṣe wáyà ló fà á."

Sewwandi dúró. Ó fi ọwọ́ tí kò já ewé rí yẹn dì í lọ́wọ́ mú. Láti ọjọ́ náà, wọn kò fi ẹ̀yin pe ara wọn mọ́.

Sewwandi kì í ṣe ẹni tó lè gbé ọ̀rọ̀ pa mọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì ó sọ fún bàbá rẹ̀. Dehigama gbọ́ ọ tán. Ó ní kí Kiruba fi ọjọ́ àti wákàtí ìbí rẹ̀ ránṣẹ́, kí awòràwọ̀ fi ìwé ìràwọ̀ àwọn méjèèjì wé ara wọn.

Ní ilẹ̀ wọn, bí bàbá kò bá fẹ́ ọkùnrin kan, tí kò sì fẹ́ bú u, ìwé ìràwọ̀ ló ń rán níṣẹ́. Ogún nǹkan ni wọ́n ń yẹ̀ wò níbẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Awòràwọ̀ ní mẹ́fà péré ló bá ara mu.

"Bàbá, ẹ ò ka ìwé yẹn nígbà tẹ́ ẹ fẹ́ ìyá mi. Ẹ sọ fún mi fúnra yín."

Dehigama wo ilẹ̀.

"Ó dáa, jẹ́ ká fi ìràwọ̀ sílẹ̀. Ọkùnrin yìí ń tajà fún yín. Ìwọ lo máa yan ọjà. Bó o bá ra àpótí rẹ̀, tó o tún fẹ́ ẹ, wọ́n á ní ọmọ Dehigama fi ìbuwọ́lùwé ra ọkọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi jókòó sórí àga yẹn, kò sẹ́ni tó rí ohun tó máa fi bú mi. Àpótí rẹ̀ àbí òun. Méjèèjì kò lè wọ ilé yìí."

Ní àárọ̀, Sewwandi sọ ọ́ fún Màdáámù Ellepola kó má bàa gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

"Ṣé ó bẹ̀ ọ́ pé kó o bá òun ra á?" ni Màdáámù bi í.

"Rárá, Mà."

"Máa ṣiṣẹ́ rẹ lọ. Ṣùgbọ́n ìwé ni kó sọ̀rọ̀, kì í ṣe ìwọ. Kọ gbogbo rẹ̀ síbi tí mo ti lè rí i."

Ní aago mẹ́wàá ó pe Kirkbrae, ó sọ fún Kiruba.

"Oṣù mẹ́rin rèé tí mi ò tíì rí ẹyọ kan tà," ni Kiruba wí. "Ọ̀gá mi ní bí èyí kò bá bọ́ sí i, kí n má padà wá."

"O ò sọ fún mi."

"Mi ò fẹ́ kó wà lára ohun tó o máa rò. Yan àpótí bí ẹni pé o ò mọ̀ mí rí. Èmi náà á ṣiṣẹ́ mi bí ẹni pé mi ò mọ̀ ọ́ rí."

"Ṣé o lè ṣe é?"

"Rárá. Ṣùgbọ́n màá ṣe é."

Nísàlẹ̀, Dehigama ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé etígbọ̀ọ́ sétí ni. Ó gbé e kalẹ̀ pẹ̀lẹ́. Kò gbé e mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ìdánwò parí. Àpótí Kiruba gbé ohùn ju ti àwọn méjì yòókù lọ. Ó gbé ìwé jù wọ́n lọ. Ó ṣọ́nà jù wọ́n lọ. Sewwandi tẹ́ ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí tábìlì, ó mú bírò, kò lè fọwọ́ sí i. Kò mọ̀ bóyá ojú òun ló ń rí i bẹ́ẹ̀ ni àbí ọkàn òun. Bó bá fọwọ́ sí i, ọkùnrin náà lọ. Bí kò bá fọwọ́ sí i, irọ́ ló pa, ọkùnrin náà á sì pàdánù iṣẹ́ rẹ̀.

Ó pe Kirkbrae.

"Kiruba, kí ni mi ò tíì bi ọ́?"

Ó gbọ́ tí Kiruba ń ṣí ìwé. Ọ̀nà kò já.

"Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni ìwé wa fi ń dán an wò," ló wí níkẹyìn. "Ohùn nìkan. Ìwé nìkan. Ìṣọ́ nìkan. Èmi ti dán méjì wò papọ̀, ó gbà á. Ṣùgbọ́n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta papọ̀, láti òkè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lẹ́ẹ̀kan náà, kò sẹ́ni tó dán an wò. Ọ̀gá mi ní kò sóhun tó jọ ọ́. Ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan làwọn èèyàn ń dé ibi iṣẹ́."

"Ṣé òótọ́ ni?"

"Mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó máa mọ̀."

Lọ́jọ́ kejì ó sọ̀ kalẹ̀ wá sí Kandi. Kò gun àtẹ̀gùn lọ sókè. Ó kan ilẹ̀kùn yàrá kékeré náà.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Èmi ni Kirubakaran."

"Mo mọ ohùn rẹ," ni Dehigama wí. Kò ní kó jókòó.

"Ìbéèrè kan ni mo bá wá. Ọjọ́ wo lọ́dún ni iṣẹ́ pátákó yìí máa ń wúwo jù?"

Dehigama yí àga padà. Olùtajà méjì ti gba ẹnu ọ̀nà yìí kọjá. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ ní kó bá òun ṣọ́ báàgì. Láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè yìí rí. Ó fa àpótí ìjókòó kékeré kan jáde lábẹ́ tábìlì.

"Jókòó."

Kiruba jókòó.

"Ọdún tuntun tó ń bọ̀ ní oṣù yìí," ni Dehigama wí. "Kì í ṣe ọjọ́ ọdún gan-an. Ọjọ́ tí wọ́n bá ní ká bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni. Awòràwọ̀ á mú ìṣẹ́jú kan. Kó tó tó, ẹnì kan kì í fọwọ́ kan nǹkan. Bó bá ti tó, ọ̀gá òkè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gbọ́dọ̀ kí Màdáámù. Bó bá yá jù, oríburúkú ni. Bó bá pẹ́, ìwọ̀sí ni. Iná mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á tàn lẹ́ẹ̀kan. Ìka mẹ́wàá péré ni mo ní."

"Kọ̀ǹpútà ńkọ́?"

"Ìṣẹ́jú kan náà ni wọ́n ń tan gbogbo wọn. Ìwọ̀n ewé àkọ́kọ́ ọdún gbọ́dọ̀ wọlé nígbà náà."

"Ẹni tó kọ ìwé wa kò gbé ilẹ̀ yìí rí," ni Kiruba wí. "Ìṣẹ́jú wo ni awòràwọ̀ yín mú lọ́dún yìí?"

"Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún."

"Àwọn tiwa mú ìṣẹ́jú méjìlá."

"Ìgbà wo làwọn èèyàn yín mọ ìràwọ̀ kà?"

"Láti ìgbà tí àwọn tiyín ti ń jí tiwa wò ni, Bàbá."

Ẹnu Dehigama mì díẹ̀. Ó yíjú sí pátákó rẹ̀ kí ọmọkùnrin náà má bàa rí i.

Wọ́n jọ ṣètò rẹ̀. Dehigama á darí òkè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sínú àpótí tuntun ní ìṣẹ́jú náà. Bó bá kùnà, yóò fà wọ́n padà sórí pátákó àtijọ́.

Ọjọ́ náà pé. Wọ́n ti tan fìtílà epo sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti gbé ìrẹsì tí wọ́n fi wàrà àgbọn sè sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àwọn mẹ́ta ló há sínú yàrá kékeré náà: Dehigama lórí àga, Kiruba lẹ́yìn rẹ̀, Sewwandi lẹ́nu ọ̀nà. Aago ara ògiri ń dún.

Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún pé. Iná mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tàn.

Ohùn mẹ́fà wọlé, wọ́n mọ́ bí omi àfòwúrọ̀pọn. Ìwọ̀n ewé ń wọlé. Ìṣọ́ ń yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Ó dúró bẹ́ẹ̀ tó ìgbà tí èèyàn lè mí lẹ́ẹ̀mẹrin. Lẹ́yìn náà ni ohùn Kirkbrae bẹ̀rẹ̀ sí í já wẹ́wẹ́. Òkè kejì tẹ̀ lé e. Ẹ̀kẹta dákẹ́ pátápátá.

Sewwandi wo Kiruba. Ojú ọkùnrin náà kò yí padà.

"Ẹ fà wọ́n padà, Bàbá," ló wí.

Ìka Dehigama sáré lórí pátákó. Ọ̀kan, méjì, dé mẹ́fà. Lókè, Màdáámù Ellepola gba ìkíni mẹ́fẹ̀ẹ̀fà láì sí èyí tó pẹ́.

Kiruba fa ìwé ìdánwò sọ́dọ̀. Lábẹ́ gbogbo iye dáadáa tó wà níbẹ̀, ó kọ ọ́ pé: "Nígbà tí òkè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta papọ̀, ó kùnà." Ó fọwọ́ sí i. Ó ní kí wọ́n fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ọ̀gá òun ní Kòlómbò.

"Sewwandi, jáde," ni Dehigama wí. Sewwandi jáde. Dehigama ti ilẹ̀kùn.

"Ṣé nítorí ọmọ mi lo ṣe ba ọjà rẹ jẹ́?"

"Mi ò bà á jẹ́, Bàbá. Ó kùnà ni."

"Bó bá ti yege ńkọ́?"

"Ǹ bá tà á. Ǹ bá pàdánù ọmọ yín. Ǹ bá sì máa kí yín bí mo bá ń kọjá."

Dehigama ṣí ilẹ̀kùn. Kiruba gbé àpótí rẹ̀. Ó tún fi ẹ̀wù òjò wé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn ń ràn. Lẹ́nu ọ̀nà, Sewwandi dúró.

"Ṣé wàá pè mí?" ló bi í.

"Bàbá rẹ kò tíì ní kí n máa pè. Jẹ́ kí ó sọ ọ́."

"Bí kò bá sọ ọ́ láéláé ńkọ́?"

"Nígbà náà, màá pẹ́ kí n tó pè."

Ó lọ. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ó padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó ń tún fóònù ṣe fún àwọn èèyàn nínú ìsọ̀ pákó kan lẹ́bàá ibùdókọ̀.

Sewwandi pe àwọn olùtajà méjì yòókù padà. Dehigama fúnra rẹ̀ ló pe òkè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pé kí gbogbo wọn pè ní aago mẹ́wàá géérégé, kí wọ́n tan kọ̀ǹpútà wọn nígbà kan náà. Àpótí kìíní ṣubú kíákíá ju ti Kiruba lọ. Èkejì lọ́ra, ó wúwo, ó burẹ́wà; kò sí ohun kan tó ṣe tó dára jù. Ṣùgbọ́n ó gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sì ṣubú.

"Èyí tó burẹ́wà jù lo mú," ni Màdáámù Ellepola wí.

"Òun ló lè gbé gbogbo rẹ̀ papọ̀, Mà."

Ó fọwọ́ sí i.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá. Sewwandi kò ráhùn. Ó ń jẹun, ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí aago bá ti lu mẹ́wàá láàárọ̀, á wo tẹlifóònù, á sì wo ibòmíràn. Nísàlẹ̀, Dehigama ń wo iná Kirkbrae. Kì í tàn ní aago mẹ́wàá mọ́. Ó ti tó ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó ti ń wo iná. Kò mọ̀ rí pé àárò èyí tí kò tàn lè sọ òun.

Wọ́n mú ọjọ́ tí wọ́n máa tú pátákó náà. Ọ̀sán ni àwọn tó máa tú u ń bọ̀. Ní aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú díẹ̀, Dehigama ránṣẹ́ pe ọmọ rẹ̀. Ó wọ ẹ̀wù funfun tó máa ń wọ̀ lọ sí tẹ́ńpìlì.

"Jókòó," ló wí. Àpótí kékeré tí Kiruba jókòó lé ló tọ́ka sí.

Ó tẹ Kirkbrae. Ó ní kí akọ̀wé ibẹ̀ lọ pe Pechchiamma wá láti oko, kó sì pe ọmọ rẹ̀ ní ìsọ̀. Ó dúró.

"Bàbá, ìwé ìràwọ̀ ńkọ́?"

"Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi dán an wò," ni Dehigama wí. "Wọn kò dán an wò papọ̀."

Gbólóhùn mẹ́ta péré ni Dehigama mọ̀ ní èdè Támìlì, àwọn tí iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ọ: "Ẹ dúró díẹ̀." "Ọ̀nà dí." "Ẹni yín ń bọ̀." Nígbà tí ìyá náà gbé fóònù, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ nítorí òkè tó sáré sọ̀, ó lo ti àkọ́kọ́.

"Ẹ dúró díẹ̀."

Ó nu ọrùn rẹ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀, bí ó ṣe jókòó lábẹ́ pátákó náà gẹ́gẹ́ bí ìgbà tó wà ní kékeré. Lẹ́yìn náà ó lo ti ìkẹta. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, ó tún un sọ, kó lè dá a lójú pé òun pè é bó ṣe yẹ.

"Ẹni yín ń bọ̀. Ẹni yín ń bọ̀, Màmá."

Wọ́n gbọ́ tí fóònù yí ọwọ́ padà.

"Bàbá?" Ohùn Kiruba ni. "Ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ ní ó ń bọ̀?"

Dehigama bọ́ etígbọ̀ọ́ kúrò létí, ó nà án sí ọmọ rẹ̀.

"Dá a lóhùn," ló wí. "Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó máa já."

Ó dìde, ó jáde, ó sì fa ilẹ̀kùn dè wọ́n. Ó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń tẹ́tí. Kò já.